Ara táńkì òde òní, kí ló wà nínú ẹ̀ gan-an? Wọ́n ní kì í ṣe irin nìkan

Atọ́pinpin
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Gbogbo ibi tí mo bá ti ń kà nípa ọkọ̀ ogun ni wọ́n ti ń sọ pé ara táńkì ìgbàlódé kì í ṣe irin lásán mọ́, pé séràmíìkì, rọ́bà, fáíbà àti irin ni wọ́n tò lé ara wọn ní ìpele-ìpele. Ohun tí kò yé mi ni pé séràmíìkì tá a mọ̀, tó bá já bọ́ nílẹ̀ ó ti fọ́ nìyẹn, báwo ló ṣe wá máa dá ọta ńlá dúró? Kí ló dé tí wọn ò kàn fi kún irin yẹn kó nípọn sí i? Ẹnì kan tún sọ fún mi pé táńkì kan báyìí "ní 900 mìlímítà" níwájú, mo wo fọ́tò ẹ̀ títí, mi ò rí ibi tí irin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó mítà kan lè wà lára ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Alágbẹ̀dẹ
Àbúrò, ìbéèrè ẹ dáa. Ti pé kí wọ́n kàn fi kún irin yẹn, wọ́n ti ṣe é rí, kò sì gbè wọ́n. Irin tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, tó nípọn ní 100 mìlímítà péré, kìlógíráàmù 785 ló máa wọ̀n. Ronú bí iwájú táńkì ṣe fẹ̀ tó, àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àti orí, àti ìdí, kó o wá sọ 100 yẹn di 500. Jámánì gbé ọ̀nà yẹn dé góńgó nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ṣe Maus, tọ́ọ̀nù 188, méjì péré ni wọ́n rí ṣe. Afárá tó máa gbà á kò wọ́pọ̀, abẹ́ omi ni wọ́n ní kó máa gbà kọjá odò. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Àwọn Sófíẹ̀tì lo ọgbọ́n mìíràn. Iwájú táńkì wọn T-34 kò ju 45 mìlímítà lọ, àmọ́ wọ́n tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn ní dígírì 60, ọta tó bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán máa rìn gba inú 90 mìlímítà kó tó jáde lódìkejì. Ọgbọ́n yẹn ò kú títí dòní. Àmọ́ ohun tó wá já irin kulẹ̀ ni ọta oníbàbà, irú èyí tí RPG, ìbọn tí sójà ń gbé léjìká, ń yìn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ wà níbí, kí wọ́n máa bá a lọ.

Fíṣíìsì_Ni
Ẹ ṣé gan-an bọ̀dá, jẹ́ n gbà á níbẹ̀.

Ọta oríṣi méjì ló wà nídìí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó bá sì pa wọ́n pọ̀, ọ̀rọ̀ táńkì ò ní yé e láéláé. Èkíní ni ọta oníbàbà tí bọ̀dá dárúkọ. Ohun abúgbàù ló kún inú ẹ̀, wọ́n wá fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó rí bí àrọ tí wọ́n fi ń da epo sí iwájú ohun abúgbàù yẹn. Tó bá ti bú, agbára ẹ̀ máa fún bàbà náà wọnú ara ẹ̀, á na jáde tẹ́ẹ́rẹ́, ṣóńṣó ẹ̀ á máa sáré tó kìlómítà 8 sí 10 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ pé iná ẹ̀ ló ń yọ́ irin. Rárá o! Bàbà yẹn ò di omi, kò sì jó irin. Eré tó ń sá ló mú kí ìtẹ̀ tó wà níbi tó ti kan irin pọ̀ débi pé líle irin ò já mọ́ nǹkan kan mọ́, irin á kàn máa sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un, ihò tó máa dá sí i lè má fẹ̀ ju ìka lọ, àmọ́ á jìn gan-an.

Èkejì ni ọ̀pá. Kò sí ohun abúgbàù kankan nínú ẹ̀. Ọ̀pá gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tungsten tàbí uranium tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ èyí tó wúlò kúrò nínú ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, ìbọn táńkì tó jẹ́ 120 tàbí 125 mìlímítà ló ń yìn ín, eré ẹ̀ sì máa ń wà láàárín mítà 1,500 sí 1,750 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìwúwo ẹ̀ pẹ̀lú eré ẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́, kò sí ohun mìíràn.

Torí náà tẹ́nì kan bá sọ fún ẹ pé táńkì kan ní 900 mìlímítà, kọ́kọ́ bi í pé lòdì sí kí ni. Ohun tó ń sọ ni pé ìdáàbòbò yẹn lè dá ohun tó máa gún irin gidi 900 mìlímítà dúró, kì í ṣe pé irin tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀. Iye tó máa jẹ́ fún ọta oníbàbà sì yàtọ̀ sí iye tó máa jẹ́ fún ọ̀pá, lórí táńkì kan náà, níbì kan náà.

Kọ́ńdọ̀
Ṣé pé ohun tó dá RPG dúró lè má dá ọ̀pá yẹn dúró?

Àṣàkẹ́_Lab
Bẹ́ẹ̀ ni, Kọ́ńdọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ojú ọ̀rọ̀ wà, òun ló sì fà á tí wọ́n fi ń to nǹkan lé ara wọn. Kò sí ohun kan ṣoṣo tó mọ gbogbo iṣẹ́ ṣe. Ẹ jẹ́ n sọ ti séràmíìkì torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n ń lò jù: alumina, silicon carbide, boron carbide. Irin wọ̀n ní ìlọ́po 7.8 ju omi lọ, alumina wọ̀n ní 3.9, silicon carbide 3.2, boron carbide 2.5 péré. Fúyẹ́ ni wọ́n fúyẹ́ o, síbẹ̀ wọ́n le ju irin lọ dáadáa. Abọ́ tó já bọ́ tó fọ́ tí Atọ́pinpin sọ yẹn, ohun tó fọ́ ọ ni pé ibì kan lára ẹ̀ nà. Séràmíìkì kì í fara da nínà rárá. Àmọ́ tẹ̀ ẹ́, máa tẹ̀ ẹ́, agbára tó ní láti fara da ìtẹ̀ pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Gbogbo ọgbọ́n ẹni tó ń fi séràmíìkì ṣe ìdáàbòbò ò ju pé kó máa jẹ́ ìtẹ̀ ló ń rí, kó má rí nínà, tí kò bá sì sí bí kò ṣe ní nà, kó pẹ́ díẹ̀ kó tó nà.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ọta dé, ó kan ojú séràmíìkì. Ojú yẹn le ju ṣóńṣó ọta lọ, torí náà ọta ló máa kọ́kọ́ jìyà, ṣóńṣó ẹ̀ á tẹ̀, á máa jẹ, nígbà mìíràn á máa ṣàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójú séràmíìkì yẹn láì wọlé rárá fún ìwọ̀nba ìdá mílíọ̀nù mélòó kan nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó kéré létí, àmọ́ ọ̀pá tó ń sá mítà 1,600 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ti máa pàdánù nǹkan bíi mìlímítà mélòó kan lára ẹ̀ kí àkókò yẹn tó pé. Ní gbogbo àsìkò yìí, ìgbì tí ìkọlù yẹn dá sílẹ̀ ti gba inú séràmíìkì kọjá, ó ti lu ẹ̀yìn ẹ̀, ó sì ń padà bọ̀ gẹ́gẹ́ bíi nínà. Ìyẹn ló ń fọ́ ọ. Tí kò bá sí nǹkan tó gbé ẹ̀yìn ẹ̀ dúró, ó ti tán. Ìdí nìyẹn tí irin, alumíníọ́mù tàbí fáíbà tó lágbára fi gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀, tí wọ́n sì máa ń há a mọ́ inú irin ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ bí àyè bá wà, kí ó má lè túká. Séràmíìkì tó ti fọ́ àmọ́ tí kò ráyè sá lọ ṣì ń jà. Èérún ẹ̀ le, á máa ha ọta tó ń gbà á kọjá. Tó bá jẹ́ ọta oníbàbà, àwọn èérún yẹn á máa ta padà sínú ihò tí bàbà ń gbà, á máa já okùn bàbà yẹn sí wẹ́wẹ́.

Kì í ṣe ohun tuntun o. Láàárín àwọn ọdún 1960 ni Amẹ́ríkà ti fi boron carbide sí ìjókòó àwọn tó ń wa hẹlikọ́pítà ní ogun Vietnam, torí hẹlikọ́pítà ò lè gbé irin.

Atọ́pinpin
Àǹtí Àṣàkẹ́, ẹ ṣé o, mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Rọ́bà wá ńkọ́? Kí ni rọ́bà ń wá láàárín irin?

Fíṣíìsì_Ni
Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, torí pé rọ́bà fúnra ẹ̀ kò le rárá, tó o bá fi rọ́bà nìkan sí i, kò ní dá nǹkan kan dúró. Wọ́n máa mú irin pẹlẹbẹ méjì, rọ́bà á wà láàárín, wọ́n á wá gbé e dagẹ̀rẹ̀ kí ó má dojú kọ ọta gbọọrọ. Tí bàbà bá gún un, ìtẹ̀ tó wọ rọ́bà máa mú kó wú, wíwú yẹn á ti irin méjèèjì, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Nísinsìnyí, torí pé ó dagẹ̀rẹ̀, irin tó ń rìn yẹn á máa gbé ara tuntun wá sí ọ̀nà bàbà ní gbogbo ìgbà, ihò tó ti dá tẹ́lẹ̀ á ti kúrò níbi tó wà. Bàbà á máa kan etí ihò, á máa já, á máa yà. Ṣóńṣó ẹ̀ tó yára jù ti kọjá lọ lóòótọ́, àmọ́ èyí tó tẹ̀ lé e ti ṣàkóbá fún ara ẹ̀, kò lè máa gún ibì kan náà mọ́. To irú ẹ̀ mẹ́rin, márùn-ún síra wọn, kó o fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn kí bàbà tó ti já lè túká dáadáa, ẹ̀yìn ẹ̀ ni kó o wá fi irin gidi sí tó máa gba ìyókù.

Ẹ rí i pé ó ń fẹ́ àyè. Òun ló fà á tí orí (ibi tó gbé ìbọn tó sì ń yí) táńkì Leopard 2 ti Jámánì àkọ́kọ́ àti ti Abrams ti Amẹ́ríkà fi tóbi tí ojú wọn sì rí gbágungbàgun, àpótí ńlá ni wọ́n, inú àpótí yẹn ni wọ́n to nǹkan sí. Tí bàbà bá sì wá dojú kọ ọ́ gbọọrọ láì sí ìdagẹ̀rẹ̀ kankan, rọ́bà ò ní ríṣẹ́ ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tó ní ohun abúgbàù dípò rọ́bà tún wà, ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Manfred Held ló ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, Ísírẹ́lì sì gbé e lọ ogun Lẹ́bánónì ní 1982 pẹ̀lú orúkọ Blazer. Ìyẹn lágbára ju rọ́bà lọ, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bíríkì (àpótí kékeré tí wọ́n to ohun abúgbàù yẹn sí) kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, àwọn tó ń ṣe ọta sì ti fi orí méjì sí tiwọn, ti iwájú á bú bíríkì dànù, ti ẹ̀yìn á wá wọlé.

Kọ́ńdọ̀
Mo gbọ́ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ ṣe ìdáàbòbò onípele yìí, Chobham ni wọ́n pè é. Ṣé òótọ́ ni?

Alágbẹ̀dẹ
Mi ò fara mọ́ ọn pé àwọn ló kọ́kọ́ ṣe é. T-64 ti àwọn Sófíẹ̀tì ti ń jáde ní ilé iṣẹ́ láàárín àwọn ọdún 1960, iwájú ẹ̀ sì ni irin 80 mìlímítà, fáíbà onígíláàsì 105, irin 20. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 205, wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn ní dígírì 68, tó fi jẹ́ pé ọta tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán máa rin nǹkan bí 547 mìlímítà nínú ẹ̀. T-72 àkọ́kọ́ náà lo ètò yẹn. Onípele ni, ogunlọ́gọ̀ ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe, kì í ṣe ti inú yàrá ìdánwò.

Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá, Gilbert Harvey ló ṣáájú iṣẹ́ náà ní ibùdó ìwádìí wọn tó wà lẹ́bàá Chobham ní Surrey, àwọn ọdún 1960 kan náà ni, Burlington ni wọ́n ń pè é ní ìkọ̀kọ̀, ọdún 1976 ni wọ́n tó sọ ọ́ síta fún aráyé. Wọ́n fi han Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà tún un ṣe fún Abrams tó wọṣẹ́ ní 1980, táńkì Challenger ti Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn dé ní 1983.

Fíṣíìsì_Ni
Bọ̀dá, ẹ má bínú, mo fẹ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀ níbẹ̀. Fáíbà T-64 yẹn ń ṣiṣẹ́ torí pé ó fúyẹ́ ó sì nípọn, tó fi jẹ́ pé fún ìwúwo kan náà, bàbà rí nǹkan púpọ̀ gbà kọjá. Ti Chobham, àwọn ìpele ẹ̀ ń rìn, wọ́n ń da ọta láàmú. Ọ̀nà ìrònú méjì ni. T-64 ló kọ́kọ́ dé lóòótọ́, àmọ́ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe kì í ṣe ẹ̀dà ẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ
Mo gbọ́ ẹ, àmọ́ ẹni tó kọ́kọ́ fi nǹkan mìíràn sáàárín irin lórí táńkì tó lọ sọ́wọ́ sójà ni mò ń sọ.

Àgbà_Awakọ̀
Ẹ kú ìjíròrò o ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹ̀yìn ọkọ̀ onírin ni mo ti dàgbà, ìtọ́jú wọn niṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ ohun tí ẹni tó ń tún un ṣe ń rí.

Ẹ máa ń sọ ìdáàbòbò yìí bíi pé gbogbo ara táńkì ni wọ́n fi bò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iwájú ni, àti iwájú orí ẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni wọ́n rò pé ọ̀tá máa wà. Ẹ̀gbẹ́ fẹ́lẹ́ ju ìyẹn lọ fíìfíì, òkè àti ìdí tún fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹ́ńjìnnì tó máa gbé e tí wọ́n bá ní kí iwájú rí bákan náà pẹ̀lú ẹ̀yìn. Abrams àkọ́kọ́ wọ̀n bíi tọ́ọ̀nù 54, uranium wọnú ara ẹ̀ ní 1988, nǹkan ń wọlé sí i títí, àwọn tó jáde kẹ́yìn ti kọjá tọ́ọ̀nù 66. Gbogbo tọ́ọ̀nù tó ń wọlé yẹn, ṣéènì ẹsẹ̀ ló ń jẹ ẹ́, gíà ló ń jẹ ẹ́, bíréèkì, sípíríǹgì, ọkọ̀ tó máa wọ́ ọ tó bá bàjẹ́, àti afárá tí sójà máa tẹ́ sórí odò. Ẹni tó ń ya ara táńkì sórí kọ̀ǹpútà kì í sábà ronú kan ọkọ̀ tó máa wọ́ ọ.

Ohun kejì ni pé tí irin bá jẹ ọta, mo lè fi ojú rí i, mo lè wẹ́ẹ̀dì ẹ̀. Séràmíìkì lè ti sán nínú, kí ọ̀dà òde ẹ̀ má tilẹ̀ bó. Ọkọ̀ lè fi ẹ̀gbẹ́ gbá igi ńlá, tàbí kí wọ́n já àpótí ìdáàbòbò sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé e kúrò, á wà bó ṣe wà lójú, àmọ́ nínú ẹ̀ ó ti lọ. Ẹ̀rọ tó ń rí inú ló lè sọ fún ẹ. Ìyẹn ló ṣe dáa bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di àpótí tí wọ́n ń yọ, tí ọ̀kan bá bàjẹ́ wọ́n á gbé òmíràn sí i, iṣẹ́ á máa lọ. Kí ẹ̀yin tó ń kọ́ nípa ẹ̀ má fi ojú kékeré wo ìyẹn o, ó ṣe pàtàkì tó ohun tó wà nínú àpótí.

Ìbéèrè_Kékeré
Ẹ káàsán sà. Àwọn ọkọ̀ onítáyà tí wọ́n fi ń gbé sójà ńkọ́? Àwọn yẹn ò lè gbé irú nǹkan báyìí, àbí?

Àṣàkẹ́_Lab
Wọ́n ń gbé tiwọn, àmọ́ ọ̀tá wọn yàtọ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè NATO ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní STANAG 4569, ó pín ààbò ọkọ̀ sí ìpele. Ìpele kejì, ọta 7.62 mìlímítà tó ń gún irin, eré ẹ̀ 695 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ìpele kẹrin, ọta 14.5 mìlímítà, láti ibi tó jìnnà tó 200 mítà, ní eré 911. Ọkọ̀ onítáyà tó bá fẹ́ ìpele kẹrin pẹ̀lú irin nìkan á wúwo ju ohun tí táyà ẹ̀ lè gbé. Wọ́n á wá fi táísì séràmíìkì síta, fáíbà aramid tàbí polyethylene sẹ́yìn ẹ̀, lórí irin tàbí alumíníọ́mù tó jẹ́ ara ọkọ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwọn táísì yẹn kéré, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ní igun mẹ́fà, nítorí pé tí wọ́n bá ṣe é ní pẹlẹbẹ ńlá kan, ọta àkọ́kọ́ á la gbogbo ẹ̀, ọta kejì á wọlé wẹ́rẹ́. Tí wọ́n bá gé e kékeré, èyí tó jẹ ọta nìkan ló lọ. Àmọ́ ibi tí táísì méjì ti pàdé ni ó ti rẹ̀ jù, ẹni tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ dán ibẹ̀ wò, kó má ṣe jẹ́ àárín táísì nìkan ló ń yìnbọn sí tó sì ń fi èsì ẹ̀ yangàn.

Inú ọkọ̀ náà tún ní tiẹ̀. Irin tó jẹ ọta láìwọlé lè máa ta èérún sára àwọn tó wà nínú, èérún yẹn ń pa èèyàn. Aṣọ fáíbà nípọn tí wọ́n fi bo ògiri inú ló ń mú un. Bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ wá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀, séràmíìkì ò ràn án lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe gé ìdí ọkọ̀ ní onígun kí ìbúgbàmù lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń gba ẹ̀mí là.

Kọ́ńdọ̀
Pẹ̀lú dúróònù tó ń já bọ́ lórí nísinsìnyí, ṣé gbogbo èyí ò ti di asán? Mísáìlì Javelin ti Amẹ́ríkà ti ń gba òkè wọlé láti 1996, dúróònù wá sọ ọ́ di ohun tó rọrùn. Iwájú ni gbogbo séràmíìkì wà.

Fíṣíìsì_Ni
Kò di asán, ó ṣípò ni. Ọta orí dúróònù wọ̀nyẹn, oníbàbà ni púpọ̀ nínú wọn, ìmọ̀ tí wọ́n fi ń da bàbà láàmú ò sì yí padà. Wàhálà ẹ̀ ni àyè àti ìwúwo, nítorí òkè táńkì fẹ̀, ilẹ̀kùn wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìríran wà níbẹ̀. Òun ló mú kí Ísírẹ́lì fi Trophy sórí táńkì wọn, Merkava, láti 2009, ẹ̀rọ tó ń rí ọta tó ń bọ̀ tó sì ń bú u kó tó dé. Àmọ́ tí ọta bá bú nítòsí, èérún ẹ̀ ṣì máa bá ara ọkọ̀, ọ̀pá tungsten sì ṣòro fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ara ọkọ̀ ṣì gbọ́dọ̀ ṣe tiẹ̀.

Àgbà_Awakọ̀
Kọ́ńdọ̀ ọmọ mi, ohun tí mò ń wò ni àwọn ọmọ tó jókòó sínú ẹ̀. Táńkì lè jóná, kí gbogbo wọn fẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde. Ibi tí wọ́n tọ́jú ọta sí, bóyá ilẹ̀kùn irin wà láàárín òun àti èèyàn, bóyá òrùlé ibẹ̀ lè ṣí kí iná gba òkè lọ, ara ìdáàbòbò ni gbogbo ìyẹn lójú tèmi. Ẹ má ka mìlímítà nìkan.

Atọ́pinpin
Ẹ ṣeun gan-an, bàbá, ẹ̀yin náà ẹ ṣeun. Ọ̀kan ló kù. Kí ni wọ́n fi ń lẹ séràmíìkì mọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀?

Àṣàkẹ́_Lab
Gọ́ọ̀mù ni, iṣẹ́ tó sì le jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyẹn, àwọn èèyàn ò kàn mọ̀ ni. Gọ́ọ̀mù tó le bí epoxy máa gbé ẹ̀yìn táísì dúró dáadáa, kò ní jẹ́ kó tẹ̀ kọ́rọ́, àmọ́ tí ìgbì bá gba inú ẹ̀ kọjá ó lè já, táísì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ọta ò tilẹ̀ kàn á ṣí bọ́ sílẹ̀. Èyí tó rọ̀ bíi polyurethane máa di àwọn tó kù mú fún ọta kejì àti ìkẹta, àmọ́ ó fún táísì láyè láti tẹ̀ díẹ̀, á sì tètè sán. Bó ṣe nípọn tó náà ń yí èsì padà. Níbi tí èmi ti ń ṣe é, a máa ń wẹ ẹ̀yìn táísì, a máa ha á kó rí ṣákaṣàka, a máa fa afẹ́fẹ́ kúrò lábẹ́ ẹ̀ kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, torí pé ìhó afẹ́fẹ́ kékeré kan tó bá há sí abẹ́ táísì, ẹ̀yìn yẹn ò ní ohun tó gbé e dúró níbẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ló sì máa ti kọ́kọ́ fọ́.